Pulọ́ọ̀gì Mẹ́rin àti Orí Kunkun Mi

Ẹni tó bá rí mi ní Mówè nígbà tí mo bá wa ọkọ̀ mi kọjá, á rò pé mo gbọ́n. Èmi náà máa ń rò bẹ́ẹ̀. Màá jókòó ṣánṣán, gèlè á wà lórí, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí sítíárì, mi ò ní kánjú, àwọn ọlọ́kadà á sì máa kọjá lára mi bí ẹni pé ṣe ni mo dúró.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọkọ mi ló ni ọkọ̀ náà. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ ní ká tà á. Mo ní ká má tíì tà á, mo fẹ́ kọ́ ọ wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí. Mo kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, tí mò ń kó àpò mẹ́rin wálé, tí mò ń gbé e fún àwọn oníbàárà mi ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Asese. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó gbé mi.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Tí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, á fò, á dúró, á tún fò, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kan ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Asese, lẹ́bàá márosẹ̀, tí atẹ́gùn ọkọ̀ àjàgbé sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè mi lórí. Àkọ́bí mi obìnrin, tó ń gbé ní Ifọ̀, ló wá bá mi níbẹ̀. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá tù mí lára.

Ohun tó sọ ni pé, “Màámi, mò ń bọ̀ ní Sátidé. A jọ máa lọ sí Ọ̀fàdà nínú ọkọ̀ yìí. Tó bá kú lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.”

Mo ní kò burú. Mo mọ ọmọ mi. Tó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn, èmi náà á sì di ìyá tí wọ́n ń gbé kiri bí ẹrù.

Mẹkáníìkì wò ó, ó ní pulọ́ọ̀gì ló ti jó tán, pé kí n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ ti kún òun lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé, nígbà tí Sátidé ti kọjá lọ. Mo ra pulọ́ọ̀gì mẹ́rin fúnra mi lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì sọ fún un pé màá ṣe é nílé. Mo ní ṣebí mo ń wo ọkọ mi nígbà tó ń pààrọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé oúnjẹ ni mo máa ń gbé lọ fún un nídìí ọkọ̀, tí màá dúró ti abọ́, tí màá máa sọ fún un pé ọbẹ̀ ti ń tutù. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Pulọ́ọ̀gì ni nǹkan kékeré tó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnnì kí epo lè jó. Mẹ́rin ni, wọ́n tò sórí ìlà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà dúdú tirẹ̀, ibi kan náà sì ni gbogbo wáyà ti wá: orí ìdérí kan tó rí roboto, tó ń pín iná fún wọn. Mo fa wáyà kúrò lórí wọn, mo fi sípánà tú àwọn ti àtijọ́. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí àwọn tuntun wọlé, kí n tó fi sípánà fún wọn pinpin, nítorí mo rántí pé ọkọ mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dá mi lóhùn nípa ọbẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé wẹ́rẹ́.

Ká ní mo dúró síbẹ̀, ìtàn tán. Ṣùgbọ́n wáyà wọ̀nyẹn dọ̀tí. Oúnjẹ ni mò ń tà, ojú mi kì í gba ìdọ̀tí. Mo bá tú wọn kúrò lókè àti nísàlẹ̀, mo fi aṣọ tí mo rì sínú omi ọṣẹ nù wọ́n, mo fi omi tó mọ́ nù wọ́n, mo sì sá wọn sórí okùn aṣọ.

Aládùúgbò mi nínú ọgbà, bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ àjàgbé títí ojú rẹ̀ fi rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà, jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó kí mi, ó bi mí bóyá kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan, mò ń fọ aṣọ díẹ̀ ni. Ó wo okùn, ó wo wáyà mẹ́rin tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùbá mi, ó ní ẹ kú iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo kó wọn wá. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mi ò mọ ta ni ta ni. Mo wò wọ́n, wọ́n wò mí.

Mo wá ṣe é bí mo ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nílé mi. Tí mo bá ń pín ẹran, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, kí ẹni tó tẹ̀ lé e tó mú, títí kan àbíkẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe pín in fún mi nìyẹn, bí mo ṣe pín in fún àwọn ọmọ mi nìyẹn, ìjà kò sì ṣẹlẹ̀. Wáyà tó gùn jù, òun ni àgbà. Mo rí ení tí wọ́n kọ sórí ìdérí náà, nọ́ńbà ò ṣe àjèjì sí mi, mo fi àgbà síbẹ̀. Mo fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí pulọ́ọ̀gì ìkíní, mo sì to àwọn yòókù tẹ̀ lé e, lórí ìlà pulọ́ọ̀gì àti yí ìdérí náà ká: ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ètò náà wù mí. Mo tilẹ̀ rò ó lọ́kàn pé àwọn tó kàwé ń fi wàhálà lásán kún iṣẹ́ yìí.

Mo wọ inú ọkọ̀, mo ṣíná. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dún gbò! Àwọn adìyẹ fò kọjá lórí odi. Mo tún ṣíná, ó tún dún. Bàbá Dírẹ́bà ò gbin. Ẹni tí kò bá bi í, kò ní là á lóye, èmi náà sì ti sọ fún un pé aṣọ ni mò ń fọ̀. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo padà, mo tún lọ, bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Oòrùn ti ń mú. Ọmọ mi ti wà lọ́nà.

Ìgbà tó yá, mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ díẹ̀. Mo ní, “Bàbá Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tí mo fọ̀ yẹn kò fẹ́ ṣiṣẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wá wò ó, ó bi mí bí mo ṣe tò wọ́n. Mo ní bí wọ́n ṣe dàgbà sí.

“Ìyá Onírẹsì, ìkíní ló ń kọ́kọ́ gbaná. Ìkẹta ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ìkẹrin. Ìkejì ló ń gbẹ̀yìn.”

“Ìkẹta á gbà ṣáájú ìkejì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ni ìkejì ṣe fún wọn?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe dá ẹ́ńjìnnì nìyẹn.”

“Àbíkẹ́yìn náà á tún gbà ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Nínú ọkọ̀ tèmi?”

“Ìyá, ẹ jẹ́ kó gbà. Tí ẹ bá ní dandan ni kí àgbà kọ́kọ́ gbà, ibí lẹ máa jókòó sí.”

Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka, èmi ni mo ṣí wáyà mẹ́ta nípò. Ojú ti mí fún ìkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣíná ọkọ̀, ó gbaná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dún jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó yó.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn, “Màámi, ẹ kú iṣẹ́.” Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Dírẹ́bà, ó ní ta ló tún un ṣe. Bàbá ní, “Ìyá rẹ ni,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà ò bá a jiyàn.

A gba ọ̀nà Ọ̀fàdà. Èmi ni mo wà á. Ọmọ mi di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó fẹ́ fò bọ́ sílẹ̀. Ní gbogbo kòtò tí a bọ́ sí, mò ń gbàdúrà, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbàdúrà. Ọkọ̀ ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n kó ìrẹsì sínú bùútù tán, ẹnu mi là. Mo ń ṣàlàyé fún un bí iná ṣe ń lọ láti ìkíní sí ìkẹta, bí ẹni pé èmi ni mo dá ẹ́ńjìnnì.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, “Màámi, mo ti dé ẹnu géètì kí ẹ tó lọ bá bàbá. Mo gbọ́ gbò yẹn láti ìta.”

“O dúró, o ń wò mí?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa bèèrè ni. Kì í ṣe ọkọ̀ tó gbó ló ń dẹ́rù bà mí. Lọ́jọ́ Asese, ó tó wákàtí méjì tí ẹ ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó pè mí. Gbogbo ẹni tó dúró bi yín, ẹ ní kò sí nǹkan.”

Òótọ́ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ bá mi tì í, mo ní mò ń sinmi ni.

Ó ní kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n má gba márosẹ̀ mọ́: kí n máa lọ sí Ọ̀fàdà, kí n máa yí ká Mówè, kó tán síbẹ̀. Mo bá a jiyàn nítorí àwọn oníbàárà mi. Ó ń wo iwájú, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá ti parí. Mo gbà.

Àwọn tó ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi ní Asese àti Ìbàfò ò dunnú sí i. Àwọn kan ń wá sílé wá rà á báyìí, àwọn kan ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún wọn, ọkọ̀ èrò ni mo wọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn awakọ̀, mo sì ń sọ fún un ibi tó yẹ kó ti yà, títí ó fi bi mí bóyá mo fẹ́ wá wà á.