Ajá Tí Mo Kọ́ Níṣẹ́ Nítorí Ilé-Ìwé

Òórùn ẹ̀pà yíyan ló máa ń jí mi ní Pobẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màmá mi á ti dáná sí ẹ̀yìnkùlé, á ti máa fún òróró kúrò lára ẹ̀pà lílọ̀, á máa lọ́ ọ bí òrùka, á máa jù ú sínú òróró gbígbóná. Kúlíkúlí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní àdúgbò wa nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, ẹ ti rẹ kúlíkúlí màmá mi sínú gàrí rí, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ṣe é.

Àárọ̀ kan wà nínú àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Akànní, wọ ṣòkòtò kakí rẹ̀, ó há síléètì mọ́ abíyá, ó ń lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ọmọbìnrin méjì láti ilé kejì tẹ̀ lé e, torí ọ̀gá ilé-ìwé ti ń kiri ojúlé pé kí àwọn òbí mú ọmọbìnrin wá. Èmi jókòó ti ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ. Èmi ni mo ń gbé ọ̀pá fún un, èmi ni mo ń gbé ife omi, èmi ni mo ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àpótí. Mo bú sẹ́kún.

Bàbá mi, tó máa ń mọlé fún àwọn èèyàn, ń bọ́jú lọ́wọ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá rí ẹni tí yóò máa gbé nǹkan fún ìyá mi, ọjọ́ náà ni wàá lọ. Kọ́ ajá rẹ, kó máa bá ọ gbé e!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì gbà pé bàbá mi ti ṣèlérí.

Ajá náà ń jẹ́ Tanímọ̀la, ajá pupa kan tí etí ọ̀tún rẹ̀ ti fàya. Ọ̀pá ìyá àgbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi èérún kúlíkúlí pa á lára kí ajá lè fẹ́ràn àtifi ẹnu kàn án. Bó bá lá a, mo fún un ní èérún kan. Nígbà tó yá, n kò fún un mọ́ àfi bó bá fi eyín gbé e. Nígbà tó tún yá, ó di dandan kó gbé e dé ọwọ́ ìyá àgbà kó tó rí nǹkan jẹ. Lójoojúmọ́ ló ń jù ú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, tí yóò sáré wá la ẹnu sí mi. Ìyá àgbà á ní, "Má lù ú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń di èérún kúlíkúlí sí etí aṣọ rẹ̀, tó ń na ọwọ́, tó ń pe ajá bí ẹni ń pe ọmọ-ọmọ.

Ajá náà gbé ìró tuntun màmá mi gba inú ẹrẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, èmi ni mo sì jẹ pàṣán rẹ̀. Ó fọ́ igbá kan. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún yẹn tó dá, bí ìyá àgbà bá ní "Ọ̀pá!", ọ̀pá dé. "Bàtà!", bàtà dé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Abẹ̀bẹ̀!" Ife onírin pàápàá, ó ń fi eyín mú un létí.

Mo pe bàbá mi ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ajá ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀, kò ṣi ẹyọ kan. Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé mo lè lọ lọ́la?" Ó ní, "Ó dára. A ó rí i." Oorun ayọ̀ ni mo sùn.

N kò lọ lọ́la, n kò lọ lọ́tùnla. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn èèyàn wá wòran. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin kan láti Sakété tó ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì, tó sì ní ilé sí Àjàṣẹ́. Ó wo ajá náà títí, ó gbọn orí. Ó ní, "Ajá yìí gbọ́n ju ọmọ ọkọ̀ mi lọ."

Akànní ti gba ìwé-ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, bàbá mi ń wá ilé tí yóò wọ̀ sí ní Àjàṣẹ́ kó lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà tí wọ́n máa dìde, Akànní ti rílé, ọlọ́kọ̀ sì ti rájá.

Mo kígbe. Bàbá mi kò bínú. Ó kàn ní, "Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó dúró." Ìyá àgbà ló bínú. Ó ní, "Ẹ ti fi ẹsẹ̀ mi tọrẹ." Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Ìyá mi, ọmọ ṣì wà nílẹ̀." Èmi ni ọmọ yẹn.

Ní àárọ̀ tí ọkọ̀ ọkùnrin náà wá gbé Akànní àti ajá lọ, ajá kọ̀, kò gun ọkọ̀. Awakọ̀ fà á, ó fẹ́ bù ú jẹ. Bàbá mi ní, "Pè é, ìwọ ló mọ̀ ọ́n." Mo fi kúlíkúlí kan sí ilẹ̀ ọkọ̀, mo pe Tanímọ̀la, ó fò wọlé, ó ń ju ìrù. Akànní jókòó síwájú, kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi tà á.

Ó tó ọdún kan kí èmi àti màmá mi tó gbé kúlíkúlí lọ sí ọjà Sakété. A tà á tán. Nígbà tí à ń bọ̀, a gba ẹnu ọ̀nà ọlọ́kọ̀ náà. Wọ́n fi ṣéènì so ajá mi mọ́ ara táyà, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ tàn mí jẹ ni. A pàṣẹ títí, a nà án títí, kò gbé nǹkan kan."

Mo ní, "Bàbá, ẹ gbọ́dọ̀ máa fún un ní nǹkan jẹ tó bá gbé e."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ajá ni wọ́n fún mi, kì í ṣe àlejò."

Mo rọra ní, "Ọ̀pá." Tanímọ̀la dìde. Ó wá igi wẹ́wẹ́ kan láàárín ìdọ̀tí, ó fi eyín gbé e wá dé ibi tí ṣéènì dé, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó la ẹnu, ó ń wò mí. Mo wo agbọ̀n orí màmá mi. Kò ku èérún kan. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi òfìfo, ó lá a títí. Màmá mi fà mí lọ́wọ́, a lọ.

Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí ìyá àgbà tó kú. Wọ́n ní mo ti dàgbà jù láti jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé. Wọ́n fún mi lọ́kọ ní Aguidi. Ìgbà tí irun mi ti ń funfun ni mo lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ èyí.

Akànní di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ní Kútọnu. Nígbà tí a ṣe ìrántí bàbá wa, ó dìde láàárín èrò, ó ní òógùn ojú bàbá wa ló rán òun nílé-ìwé. Nígbà tó jókòó, mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí ajá yẹn?"

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Ajá wo?"

Mo padà sí àyè mi. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti jà. Ó gbójú ju èmi lọ, ó ní sùúrù ju èmi lọ, ó sì gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Èmi ò gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ọmọ márùn-ún ni mo bí, gbogbo wọn ló kàwé, n kò sì ṣèlérí kankan fún ọ̀kankan wọn rí. Wọ́n ní èmi ni ìyá tó le jù ní Aguidi. Òótọ́ ni wọ́n sọ.