Ẹja Gbígbẹ, Rédíò àti Ara Tí Kò Lè Sinmi

Gbàjì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń fọ̀rọ̀ wá obìnrin kan lẹ́nu wò lẹ́bàá ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ẹni tí àwọn ṣọ́jà gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dùn ún, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Mo ké. Ó sún sẹ́yìn. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo gún yín lọ́bẹ ni?”

Ọwọ́ lásán ni. Síbẹ̀ ó jó mi bí irin gbígbóná, ó sì ń jó mi títí mo fi dé ilé wa ní Ìbẹ̀rẹ̀kò.

Ayé ṣọ́jà ni. Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa pa lẹ́ẹ̀mejì, oúnjẹ sì ti di góòlù. Èmi ni aṣojú ìwé ìròyìn náà ní Àgbádárìgì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrora náà kúrò léjìká, ó lọ sí ìbàdí, ó lọ sí orúnkún, ó tún gòkè wá sí páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí mo bá jí, ó máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tó wa ọkọ̀ mọ́jú. Bírò ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Olótùú wa ránṣẹ́: “Bí ara rẹ kò bá yá kí oṣù yìí tó parí, a ó rán ẹlòmíràn sí ẹnubodè.” Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Ní ọsibítù, a jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Olúkúlùkù gbé òwú àti abẹ́rẹ́ tirẹ̀ dání, nítorí kò sí nǹkan kan ní ilé oògùn wọn. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní, “Akọ̀ròyìn, ẹ bá wa kọ ọ́ pé bẹ́ǹṣì yìí gan-an ń ṣàìsàn.” Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò sí ibà, kì í sì í ṣe làkúrègbé. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá ti ṣe yóò mọ̀ ọ́n: ìrora tí ẹnikẹ́ni kò rí a máa mú kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀.

Dókítà, obìnrin ará Èkìtì kan, kò fura sí mi. Ó ní àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ mi ni ó ń pariwo ju bó ti yẹ lọ. Ó wá sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nínú ìwé àwọn oníṣègùn: pé ètò kan wà nínú ara tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dẹ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ẹndokanabínọ́ìdì ni wọ́n ń pe àwọn èròjà rẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe wọ́n, wọ́n sì jọ ohun tó wà nínú igbó tí àwọn èèyàn ń fà. Wọ́n lọ́wọ́ nínú ìrora, oorun, ebi àti ìbẹ̀rù.

Bọ́sẹ̀ ìyàwó mi wo ẹnu ọ̀nà. “Dókítà, ẹ rọra sọ ọ́. Bí ṣọ́jà bá gbọ́ pé igbó wà lára ọkọ mi ńkọ́?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Kí ó má lọ fa ti ìta o! Èyí tó wà nínú rẹ̀ ni kó tọ́jú.” Ó ní kí n máa jẹ ẹja ọlọ́ràá àti ẹ̀fọ́, kí n máa rìn lójoojúmọ́, kí n sùn, kí n dín ìpayà kù.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Oṣù parí, ara kò yá, olótùú sì rán ẹlòmíràn sí ẹnubodè. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ náà ni mo lọ ra ẹja ní Àjídò, lọ́dọ̀ Ìyá Sènámì, ẹlẹ́ja tí èdè Ègùn jẹ́ èdè rẹ̀. Ó kí mi ní èdè rẹ̀, ó béèrè bóyá mo jí dáadáa. Mo ní rárá. Mo ròyìn ẹja tí mo ti ń jẹ fún un. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó le koránkorán tí mo máa ń rà, nítorí iná mànàmáná kò sí, òun ni kì í bàjẹ́. Ó fi kan ìdí agbada: ó dún kó.

“Èyí? Ti àwọn tó ń gbé e lọ ọ̀nà jíjìn ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí iná. Gbogbo ọ̀rá rẹ̀ ti kán sínú eérú. Igi lẹ ń jẹ, ọ̀gá!” Ó nawọ́ sí àwọn sáwá tútù tó ń dán nínú apẹ̀rẹ̀. “Èyí ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ sè é lónìí, ẹ jẹ ẹ́ lónìí.”

Rédíò kékeré ń sọ̀rọ̀ nínú àpò mi. Ó gbọ́ ọ.

“Ẹ gbé rédíò wá ra ẹja? Ta ló kú?”

“Kò tíì sẹ́ni tó kú.”

“Ẹ wá ń dúró de òkú.”

Àwọn obìnrin tó kù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni rédíò yẹn ń sùn, kí n lè gbọ́ ẹni tí àwọn ṣọ́jà tún mú. Ìrìn tí mo ní mò ń rìn fún ìlera, ẹsẹ̀ ìròyìn ni: ibùdókọ̀ ni mò ń lọ, pẹ̀lú ìwé àti bírò. N kò sinmi lọ́jọ́ kan.

Láti ọjọ́ náà, sáwá tútù ni mo ń rà. Mo gbé rédíò fún Bọ́sẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń sọ èyí tó kàn mí fún mi lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ń rìn lọ sí etí ọ̀sà lọ́wọ́ òfo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo lè kọ ojú ìwé kan láìdúró. Olótùú ní kí n padà sí ẹnubodè. Mo ní ìròyìn méjì ni n ó máa kọ lọ́sẹ̀, kò lé kan. Ó ní, “Ṣé o ti di ọba ni?” Ṣùgbọ́n ó gbà.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹja ni, tàbí ìrìn, tàbí oorun. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ètò náà. Ẹ má torí ìtàn mi yẹra fún dókítà. Ìrora náà ṣì máa ń yà kí mi, pàápàá bí mo bá ti ń sáré jù, mo sì máa ń jókòó tì í.

Ohun kan ni mo mọ̀. Ní gbogbo oṣù tí mo fi ń pe ara yìí ní ọ̀dàlẹ̀, ó ń wá bí yóò ṣe tù mí lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò sú u.