Omi Láwàlì Kò Lẹ́bi

Àwọn ará Kemta máa ń ní, bí Alájì Láwàlì bá kọsẹ̀, òkúta ló ń tọrọ àforíjì. Agbádá rẹ̀ nìkan lè bo òrùlé ilé-ìwé kan. Omi inú ọ̀rá tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni wọ́n ń mu láti Aké títí dé Wásinmi, ẹgbẹ́ òṣèlú sì ti ń kí i ní "Alága ọ̀la".

Ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ ní Wásinmi, ó wọ ìdí ẹ̀rọ lọ fúnra rẹ̀. Asẹ́ omi ti ya. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó gbó. Ó ní pípààrọ̀ rẹ̀ di ẹ̀yìn ìdìbò, pósítà ló kọ́kọ́ fowó tẹ̀. Ó gbóòórùn ṣáláńgá nínú omi náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo ń lọ sí rédíò," ló wí fún Ògúnrìndé, akọ̀wé ẹgbẹ́. "Mo máa ní kí wọ́n má mu ún mọ́."

Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín títí ọrùn rẹ̀ fi gùn sí i. "Alájì, ẹ fẹ́ tú ṣòkòtò lójú ọjà? Ẹ̀bẹ̀, inú ilé ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́. A ó rán àwọn àgbà lọ dọ̀bálẹ̀ ní Wásinmi, tàwọn ti ìrẹsì. Lórí rédíò, ẹ ní ọ̀tá ló ń ba omi yín lórúkọ jẹ́. Ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀!"

"Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ọlọ́run á wò wọ́n."

Láwàlì bá pariwo ọ̀tá lórí rédíò. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé òun gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Kó tó délé, Kemta ti gbaná jẹ. Àwọn tí òùngbẹ ò gbẹ rí ń mu omi rẹ̀ láti fi bínú ọ̀tá. Ó sáré pa ẹ̀rọ, àmọ́ èyí tó ti jáde ti kún ìgboro.

Ìyá rẹ̀, Alájà Àsíátù, ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfìfo ọ̀rá omi tẹ́ yí i ká bí ẹní.

"Ìyá! Ẹ mu ún ni?"

"Ojú gbogbo àdúgbò ni mo ti mu ún! Omi ọmọ tèmi ni wọ́n ní ó ń pààyàn?"

Láwàlì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, irọ́ ni mo pa. Asẹ́ ló ya. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Àánú rẹ̀ ṣe ìyá. "Dìde, ọkọ mi. Wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ẹ, àbí? Àwọn ọ̀tá yìí náà ni."

Ikùn rẹ̀ ń kùn lábẹ́ ìró. Ó fi eyín ya ọ̀rá mìíràn.