Àwo Tí Arlene Dá Padà Lófìfo

Arlene Kovach ń jowú ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn kọmíṣọ́nnà káúńtì wa, àwọn tó ń ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀ wa, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé wọn ni mo sì ń ṣọ́ aago lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí, torí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń rò ó jù ní ìlú Bellwick wa, irọ́ ni wọ́n sì ń pa.

Ilé ìdáná ilé-ìwé ni Arlene ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ọkọ rẹ̀ sì ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Russell. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ọmọ náà wà nígbà tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó fi fọ́ìlì bo gbogbo fèrèsé yàrá rẹ̀, ó ní wọ́n ń wo òun láti òdìkejì títì. Iwájú ilé-ìtajà ńlá ni ọlọ́pàá ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Gbogbo wa dúró, a wò, a sì gba ilé wa lọ.

Bẹ́ẹ̀ nílùú wa, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ, wàá bá oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Bí o bá bímọ, wàá bá a. Kódà bí ajá rẹ bá kú, ẹnìkan á gbé kéèkì wá. Àwo gíláàsì ni wọ́n máa ń fi gbé e, orúkọ ẹni tó ni ín á wà lára téèpù lábẹ́ rẹ̀ kí àwo lè mọ̀nà ilé. Ìwọ náà kò ní dá a padà lófìfo láéláé. Bó jẹ́ ápù méjì, wàá fi sínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé Russell lọ, kò sẹ́ni tó mú búrẹ́dì lásán lọ fún Arlene. Kí ni wọn ì bá wí? Ṣé kí wọ́n ní "ẹ kú ewu wèrè"?

Nadine Stroup ló ń gbé ní òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ Arlene láti kékeré. Kẹ̀kẹ́ kan náà ni Russell àti Brent, ọmọ Nadine, fi kọ́ gígùn. Brent fi ẹ̀yìn ṣèṣe níbi iṣẹ́, dókítà fún un ní oògùn ìrora, oògùn náà sì di ọ̀gá lé e lórí. Nígbà tí dókítà kò fún un mọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ ìta ló ti ń rà á. Inú ilé ìwẹ̀ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀.

Háà, ẹ wá wo oúnjẹ! Ọkọ̀ tò dé ìkóríta. Òdòdó kún ojú àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kẹta, Nadine dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí Arlene.

"Arlene, jọ̀ọ́, wá bá mi kó díẹ̀ lọ. Fírísà mi ò pa dé mọ́."

Arlene gbé makaróní aládìẹ kan lọ sílé. Nígbà tó yí àwo náà wò lábẹ́, orúkọ tó rí ni Oberholt. Ọ̀gbẹ́ni Oberholt ni olórí àwọn kọmíṣọ́nnà wa, ilé kejì sí ti Arlene ló sì ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà Arlene rí. Arlene jókòó ti makaróní náà, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún, kì í sì í ṣe Brent ló ń sunkún rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó fọ àwo náà, ó gbé e sórí pẹpẹ, kò dá a padà.

Ohun kan ṣoṣo tó mú Russell dúró ni Ilé Kọfí. Ṣọ́ọ̀bù bàtà àtijọ́ ni. Àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ló ń bójú tó o fúnra wọn. Wọ́n ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń jẹun ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Owó orí ilé tí gbogbo wa dìbò fún pé kí káúńtì máa gbà fún ìlera ọpọlọ ni wọ́n fi ń gbé e ró. Russell ló ń po kọfí. Láàárọ̀ kùtù ló ń lọ ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọlọ́pàá kò tún gbé e mọ́. Arlene ti ń sùn lóru.

Ni owó ẹjọ́ bá dé. Àwọn tó ń ṣe oògùn tó pa irú Brent ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san án fún àwọn káúńtì. Nadine sì dìde. Ó fẹ́ kí wọ́n dá ilé kan sílẹ̀ tí àwọn tí oògùn mú lẹ́rú yóò máa gbé títí ara wọn yóò fi yá, Ilé Brent. Ta ni yóò ní kó má ṣe é? Owó ẹjọ́ tó ra ilé, ṣùgbọ́n kò tó san owó àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn kọmíṣọ́nnà nímọ̀ràn jókòó, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní kí wọ́n mú owó Ilé Kọfí kún un. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí kì í ṣe ìtọ́jú. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọfí tèmi sórí ìwé tí mò ń kọ.

Fọ́tò Brent jáde nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú aṣọ bọ́ọ̀lù, eyín rẹ̀ funfun. Arlene mú un wá bá mi.

"Ṣé o rí i? Ó rẹwà, àbí? Òkú kì í rùn nínú fọ́tò. Òkú kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìtajà kó máa bá ara rẹ̀ jà."

"Arlene, ṣọ́ ẹnu ẹ."

"Ta ló máa ya fọ́tò Russell? Oògùn ti mú un sanra rọ̀bọ̀tọ̀, eyín ń yọ lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ ọmọ ẹni ò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì."

Lọ́jọ́ kejì, Nadine bá a níbi àpótí lẹ́tà, ó na ìwé ẹ̀bẹ̀ fún Ilé Brent àti bírò sí i.

"O ò tíì fọwọ́ sí tèmi, Arlene. Gbogbo títì yìí ló ti fọwọ́ sí i."

"Ọwọ́ ń ro mí."

"Ọwọ́ tó ń ro ẹ́ náà lo fi ń gbọn kápẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí?"

"Nadine, gbogbo ayé ló wà lẹ́yìn ẹ. Kí lo fẹ́ fi èmi ṣe?"

Nadine ká ìwé rẹ̀, ó sọdá títì. Wọn kò sọ̀rọ̀ síra wọn mọ́ títí di ọjọ́ tí àwọn kọmíṣọ́nnà pe gbogbo ìlú sí ìpàdé lórí owó náà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti sọ̀rọ̀. Òfin wa gbà kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fi tirẹ̀ jìn fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn ènìyàn Nadine kún gbọ̀ngán, gbogbo wọn wọ aṣọ búlúù tí fọ́tò Brent wà láyà rẹ̀. Arlene nìkan ló dá wá, ó gbé báàgì bébà kan lọ́wọ́. Russell ò lè wá, àwọn kan ń retí kọfí.

Nígbà tí mo pe orúkọ rẹ̀, ó yọ àwo gíláàsì kan nínú báàgì, ó gbé e ka iwájú olórí wa.

"Ọ̀gbẹ́ni Oberholt, mo dá àwo ìyàwó yín padà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé o, mà. Ẹ ò bá ti…"

"Ẹ wo inú ẹ̀."

Ó wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ní Bellwick, ó sàn kí o gbá ènìyàn létí.

"Mo dá a padà lófìfo torí pé ilé mi kọ́ lẹ gbé e wá. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ mi dè, ojú fèrèsé ni ìyàwó yín ti ń wò mí. Ilé Nadine lẹ gbé makaróní lọ. Ó ṣẹ́ kù, wọ́n wá fún mi. Oúnjẹ òkú ni mo jẹ!" Ó yíjú sí àwọn aláṣọ búlúù. "Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́. Mò ń jowú Nadine. Mò ń jowú òdòdó ẹ̀. Mò ń jowú fọ́tò tẹ́ ẹ gbé sáyà yìí. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù. Tèmi nù, inú ilé mi ló sì nù sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń dáná fún un, ta ló bá mi kẹ́dùn? Ta ló…"

Aago dún. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ mi ni.

"A dúpẹ́, Ìyáàfin Kovach," ni Oberholt wí.

"Mi ò tíì sọ ohun tí mo bá wá."

"Àsìkò ti tán, mà."

Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Arlene ti fi owú jẹ gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀, kò sì tíì dárúkọ Ilé Kọfí lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró síbẹ̀, ó di báàgì òfìfo mú. Orúkọ tó tẹ̀ lé tirẹ̀ nínú ìwé mi ni ti Nadine.

Nadine dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé yóò bú u débi tí yóò ti wọlẹ̀, bó bá sì bú u, èmi ì bá ní ó jàre. Ó wo bébà tó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó ká a pọ̀.

"Obìnrin yìí ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn, kò tíì sọ nǹkan kan," ó ní. "Mo fún un ní àsìkò tèmi."

Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn: "Nadine! Àsìkò Brent nìyẹn!"

"Jókòó síbẹ̀. Brent ò bá aago sáré mọ́." Ó kọjú sí Arlene. "Sọ̀rọ̀. Má sì bú mi mọ́."

Mo tún aago tẹ̀. Arlene yíjú sí àwọn kọmíṣọ́nnà.

"Russell kì í jí fún oògùn," ó ní. "Kì í jí fún dókítà, kì í jí fún èmi. Ó ń jí torí pé àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù, wọ́n ń retí òun. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ pa, ta ló máa máa retí ẹ̀? Ẹ má tì í. Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

Ó jókòó. Àsìkò ṣì pọ̀ nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

Àwọn kọmíṣọ́nnà fa ọ̀rọ̀ náà títí, àwo òfìfo wà níwájú Oberholt, kò lè gbé e, kò lè sún un. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pín owó náà. Ilé Kọfí kò ní ṣí ní Sátidé mọ́, ṣùgbọ́n kò ní kú. Ibùsùn Ilé Brent dín kù. Nínú ọgbà ọkọ̀, àwọn aláṣọ búlúù ń pòṣé sí Nadine, ìyá kan ń bi í pé bí ibùsùn bá kún lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ òun dé ńkọ́?

Ẹ má rò pé owú náà tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí Ilé Brent nígbà ìrúwé, Nadine ní kí Russell wá po kọfí fún àwọn àlejò. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọlé, Arlene dúró síta, ó gbójú sókè sí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ Brent sí pẹ̀lú lẹ́tà wúrà. Èmi àti Nadine dúró tì í.

"Wọn kì í kọ orúkọ alààyè sí ara ògiri," ni Arlene wí. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi í pa mọ́.

Nadine wo pátákó náà. "Bóo bá fẹ́, jẹ́ ká ṣe pààrọ̀."

Arlene gbé ojú kúrò lára pátákó. Ìgbà náà ni Russell pariwo láti inú ilé:

"Mọ́ọ̀mì! Ṣúgà ti tán o!"

Nadine ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.