Agbo Màlúù Tí Mo Yàn fún Àbúrò Bàbá Mi

N kò tíì tó ẹni tí ń so ìró mọ́dìí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà rélùwéè wọ Ìlọrin ni, oko wa sì wà lọ́nà Òkè-Oyi. Ẹ má retí ìtàn ọmọ rere lẹ́nu mi o. Ìkà ni mo ṣe, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú àpò lẹ ti ń rí ajílẹ̀. Láyé ìgbà náà, màlúù ló ń bá wa fọ́n ọn sóko. Bí a bá ti kórè ọkà bàbà tán, tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, àwọn Fúlàní a kó agbo wọn dé. Bàbá mi a yan agbo kan, a ní kí wọ́n wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ wa. Àwọn màlúù a jẹ pòròpórò, wọ́n a mu omi kànga wa, wọ́n a sì máa yàgbẹ́ káàkiri títí òjò yóò fi dé. Ẹni tó bá rí agbo gbà ló ń rí ọkà jẹ.

Àbúrò bàbá mi, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, kò jẹ́ kí a rí agbo gbà. Ọdún méjì gbáko ló fi ń lọ pàdé àwọn Fúlàní lọ́nà, tó ń sọ fún wọn pé omi kànga wa ti pa màlúù rí. Irọ́ ni, wallahi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yà sí. Ọkà tiwa kò ga ju orúnkún mi lọ, ewé rẹ̀ sì pọ́n. Ni mọ́gàjí tó ni ilẹ̀ àwọn méjèèjì bá ránṣẹ́ pe bàbá mi, ó ní bí ọkà bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, òun yóò gba ilẹ̀ náà, òun yóò fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá mi ní kí a fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ojú mi ni ìyá mi ṣe ń febi sùn kí àwa lè jẹun. Inú mi ń ru bí ìkòkò tí wọ́n dé lómọrí.

Lọ́dún kẹta, agbo méjì ló dé. Ọ̀kan kéré, kò ju ogún màlúù lọ. Èkejì tóbi débi pé eruku rẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Èmi ni mo máa ń lọ ra wàrà ní gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, fún ìyá mi, etí mi ò sì di. Ìyàwó Fúlàní tó ń bu wàrà sínú igbá mi sọ fún mi pé àárín tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ni agbo ńlá yẹn ti jẹ̀ bọ̀, àti pé ibi tí wọ́n bá yàgbẹ́ sí, tẹ̀tẹ̀ ọ̀hún ní ń hù níbẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, ta ni mo pàdé? Àbúrò bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìwọ oníwàrà, ìwọ tó mọ gáà bí ilé bàbá rẹ, agbo wo ló dára jù?"

Mo kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Èyí tó tóbi ni, Bàbá."

Ó sáré lọ gbà á kí ẹlòmíràn tó débẹ̀. Agbo kékeré ló ṣẹ́ kù fún wa.

Òjò rọ̀. Ọkà tiwa yọ, ó dúdú minimini. Tirẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gún. Bó bá fà á lónìí, á tún hù lọ́la. Mo máa ń dúró sí ààlà wò ó níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi bí oyin. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nígbà ìkórè, mọ́gàjí ní àbúrò bàbá mi ti fi ẹ̀gún ba ilẹ̀ òun jẹ́, ó gba ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi fún bàbá mi. Mo jó. Bàbá mi wò mí títí, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀gún wà nínú ìgbẹ́ agbo ńlá yẹn?" Mo ní mo mọ̀. Kò nà mí. Ó fà mí lọ́wọ́ dé oko ẹlẹ́gùn-ún náà, ó ní, "Ìwọ lo gbìn ín. Ìwọ ni yóò fà á." Òjò mẹ́ta ni mo fi fà á. Àpá rẹ̀ rèé ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Àbúrò bàbá mi lọ ń ru òkúta rélùwéè, n kò sì kí i tinútinú títí ó fi kú. Bí wọ́n bá dá mi padà sọ́nà gáà lónìí, èyí tó tóbi náà ni n óò pè.

Ayé ti yí. Katakata ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ màlúù, ẹni tí ń ṣe àgbẹ̀ kò sì mọ Fúlàní tó ni agbo mọ́. Ní ìjẹta, ọmọ ọmọ àbúrò bàbá mi gbé ìwé aláwòrán kan wá. Ẹ̀rọ tí katakata ń fà, tí ń fọ́n ìgbẹ́ màlúù sóko, ló kún inú rẹ̀, ó sì fẹ́ ra ọ̀kan. Ó lóṣòó kí mi, ó ní, "Ìyá, èwo ló dára jù nínú wọn?"

Mo wò ó. Imú bàbá ńlá rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀ gẹ́lẹ́. "Èyí tó tóbi" ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí i, mo ní kó kọ́kọ́ lọ bèèrè ohun tí màlúù tó ni ìgbẹ́ náà jẹ.