Ìwé Oògùn tí Wọ́n Kọ ní Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Kóró oògùn náà kéré bí ẹyọ ọkà bàbà, kò sì korò rárá. Èyí ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tí mo ti ń wá láti kékeré, tí mo ti tìtorí rẹ̀ jẹ ẹgba, mo rò pé ó kéré tán yóò korò bí dóńgóyárò. Mo fi omi tútù inú fíríìjì tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbé e mì, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń dúró kí ara mi yí padà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, akọ̀wé nílé iṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ ní Ìsọlọ̀, síbẹ̀ mo jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀ fún wákàtí kan gbáko.

Ọkùnrin ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n bí mi ní Èkìtì. Èmi ti mọ̀ pé obìnrin ni mí kí n tó mọ ìwé kà. Bàbá wa, tó jẹ́ tíṣà tó sì tún ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ ló ń dà mí láàmú. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó mú mi lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n so ẹsẹ̀ mi mọ́ òpó fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ pé èmi àti òun nìkan ni ìyá wa bí, ló wá mú mi kúrò níbẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Nígbà tó lọ́kọ, tí wọ́n sì ń gbé ní Ṣógúnlé, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Owó epo ti ń ya wọ ìlú nígbà náà, iṣẹ́ sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀ gún régé lè di akọ̀wé.

Lọ́jọ́ kan mo ra ẹ̀pà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wa, ìwé ìròyìn òyìnbó ni wọ́n fi dì í. Bí mo ti ń jẹ ẹ̀pà ni mò ń ka bébà, ibẹ̀ ni mo ti rí ìtàn ẹnì kan nílùú òyìnbó tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tí àwọn dókítà fún ní oògùn tó jẹ́ kí ara rẹ̀ bá inú rẹ̀ mu. Gbogbo ẹ̀pà náà dà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, mo de táì, mo ká bébà náà sápò, mo lọ bá dókítà kan tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣí ilé ìwòsàn kékeré sí Òṣòdì. Mo rò pé bí wọ́n ti ń gba oògùn ibà ló rí. Màá fi bébà ẹ̀pà hàn án, á kọ oògùn fún mi, màá sì máa lọ.

Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì lé mi. Oṣù méjì gbáko ló fi ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ bí nǹkan ṣe rí.

"Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, dókítà méjì ló gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kí ẹnikẹ́ni tó fún ẹ lóògùn yìí. Ní Èkó níbí, tí mo bá kọ̀wé sí ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́ọ̀dù wèrè ló máa tì ẹ́ mọ́. Èmi nìkan ni màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹbí ẹ kan gbọ́dọ̀ mọ̀, kó sì sáìnì, torí oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan."

Ìṣòro kan tún kù. Oògùn tí àwọn obìnrin fi ń fètò sí ọmọ bíbí ni oògùn náà, kẹ́míìsì kò sì ní tà á fún ọkùnrin. Ìwé dókítà tó ní orúkọ obìnrin tó wà nílé ọkọ ni wọ́n máa ń béèrè, wọn a sì lu òǹtẹ̀ sí i lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá mi wá láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀, ti sáìnì tán nígbà tí dókítà sọ èyí.

"Ẹ kọ orúkọ mi sí i, sà. Èmi ṣáà wà nílé ọkọ."

Dókítà gbójú sókè. "Ọmọ mélòó lẹ ti bí, madam?"

"Ọlọ́run ò tíì ṣe é, sà. Ó ti di ọdún mẹ́rin."

Ó dá bírò dúró. "Ẹ rò ó dáadáa o."

"Mo ti rò ó."

Mo wà níbẹ̀, etí mi méjèèjì sì là, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé ìró bírò nìkan ni mo gbọ́.

Mo lo oògùn náà fún oṣù mẹ́rin. Ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láyà mi, ó ń ro mí, mo sì fẹ́ràn ìrora náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ń wẹ̀ láìdijú. Ìgbà náà ni ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti apá Ọ̀ṣun dé láti wá kí wọn. Ìyá jẹ́jẹ́ ni, kì í bú èèyàn. Wọ́n fún un ní yàrá mi, èmi sì kó sí pálọ̀. Kí ó má baà rí oògùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo lọ tì í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ìwé dókítà, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹni tó bá mọ àwọn ìyá ìgbà náà mọ̀ pé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ dé, wọn kì í fi aṣọ sílẹ̀ nínú àpótí kí kòkòrò jẹ ẹ́. Wọn a kó gbogbo rẹ̀ síta, wọn a sá a sóòrùn. Ìyá ọkọ tó bá fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ a máa bá a sá tirẹ̀. Ìfẹ́ ló mú ìyá náà ṣí àpótí yẹn lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní kíṣìnnì. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ti wá sọ̀rọ̀ ìfètò sọ́mọ bíbí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nílé, wọ́n ti na páálí oògùn náà sókè fún gbogbo ìyá ìjọ rí. Ó ké sí ọmọ rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ka orúkọ tó wà lára ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ka òǹtẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ta ló ni èyí?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo jókòó sórí àga pálọ̀, mo di ife tíì mú. Ó wò mí bí ẹni ń ka mítà iná, ó sì rí i pé mi ò ní sọ̀rọ̀.

"Tèmi ni," ló wí. "Ẹ má bínú."

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn aṣọ. "Ìyàwó mi, kí ni mo fi ṣe ẹ́? Àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ nítorí ẹ, àṣé ńṣe lò ń tilẹ̀kùn."

Mo rò pé màá sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ro ẹ̀wọ̀n àti òpó, mo sì sún un di ọ̀túnla. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ẹbí ọkọ ti kó ẹrù rẹ̀ padà fún bàbá wa ní Èkìtì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Tèmi kò tọ̀ mí.

Mo padà lọ bá dókítà. Ó bi mí pé ta ló máa sáìnì báyìí. Mi ò rí ẹnì kankan dárúkọ, kò sì kọ ọ́ fún mi mọ́. Àyà mi padà tẹ́jú kí ọdún náà tó yí po.

Ọdún mẹ́fà kọjá kí n tó lè lọ dójú kọ ẹ̀gbọ́n mi ní Èkìtì. Kò lọ́kọ mìíràn. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, ó jókòó, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́?"

Mo ní ó ṣiṣẹ́. Ó wo irùngbọ̀n tí mo fá láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ti ń hù padà. Ó ní kí n jẹun kó tó tutù.

Mo ti dàgbà báyìí. Ní Òkòtà tí mò ń gbé, bàbá ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní Èkìtì, ọkọ rẹ̀ àtijọ́ wá láti Èkó, ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó fọwọ́ lé mi léjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ní òun ti dárí jì í.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."