Alákàbà àti Pátákó Àkùkọ Pupa

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé-iṣẹ́ tó ń gbèrú àti èyí tó ń rù lọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Ọ̀rẹ́ mi Alákàbà ni kí ẹ bi. Òun ló ń gbé pátákó kọ́ síwájú ilé oúnjẹ, ibi ìfọṣọ àti ibi ìgẹrun, òun náà ni wọ́n sì ń pè kó wá tú u nígbà tí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń fi àkàbà jẹun. Bó bá dúró níwájú ògiri kan, á ka ihò ara rẹ̀, á ní, "Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ti kógbá wọlé níbí. Àwọn oníbúrẹ́dì ló ni ihò mẹ́fà yìí, wọn ò lò tó ọdún kan." Èmi tí mò ń ránṣọ, ihò bọ́tìnnì nìkan ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Ó ní àṣà kan. Kó tó ki nọ́ọ̀tì kankan bọ ara ògiri, á kọ́kọ́ fi gíríìsì pa á yí ká. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, "Èmi náà ni wọ́n máa pè wá tú u. Ṣé kí n tún wá máa bá ìpẹtà jìjàkadì ni?" Kì í ṣe ìkà ló fi sọ ọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ni: ilé-iṣẹ́ á dé pẹ̀lú ariwo, á la ẹ̀ka sí gbogbo kọ̀rọ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á kó àga rẹ̀ sínú ọkọ̀, á sì lọ. Alákàbà kì í bá wọn yọ̀, kì í bá wọn sunkún.

Ti ìyàwó rẹ̀ yàtọ̀. Alásè ilé-ìwé ni fún ọdún méjìlélógún, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ilé ò gbà á. Àsìkò yẹn ni Àkùkọ Pupa gbòde kan. Adìyẹ díndín àti ọ̀dùnkún ni wọ́n ń tà. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Kí á tó wí kí á tó fọ̀, wọ́n ti di mẹ́tàdínlógún. Kì í ṣe àwọn ló ni gbogbo ẹ̀ka yẹn o. Bí ìwọ bá ti ní ibi tí o fẹ́ lò, wọ́n á yá ọ ní orúkọ wọn, wọ́n á fún ọ ní pátákó àti aṣọ iṣẹ́, pẹ̀lú ìwé òfin kan tó nípọn bíi bíríkì, ìwọ náà á sì máa fún wọn ní tiwọn lóṣooṣù. Ìwé yẹn sọ bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà, ó sọ iye ìṣẹ́jú tí adìyẹ gbọ́dọ̀ lò nínú òróró, títí dórí ibi tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ kọ́ sí.

Obìnrin náà gba ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tèmi. Ọkọ rẹ̀ ló wá gbé pátákó rẹ̀ kọ́, obìnrin náà fúnra rẹ̀ di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí àkùkọ ńlá yẹn bí ẹni pé àkùkọ náà ń rẹ́rìn-ín padà. Ló bá rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nínú agolo.

"Kí lẹ fi ń pa á yẹn?"

"Gíríìsì ni."

"Kí ló wà fún?"

Ọkùnrin tó gbọ́n á parọ́ díẹ̀ níbí yìí. Alákàbà dá a lóhùn bó ṣe ń dá gbogbo ayé lóhùn: "Kó lè rọrùn láti tú."

Èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo rọra wọlé. Obìnrin náà fi àkàbà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti tú u lọ́kàn yín kí ẹ tó kọ́ ọ." Odidi ọjọ́ méjì gbáko, gbólóhùn tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ ò ju "oúnjẹ wà lórí tábìlì" lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo rí Alákàbà lórí àkàbà níwájú ibẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú àkísà àti ike kẹrosíìnì. Mo rò pé ó ń nu ìdọ̀tí ara pátákó láti fi tu ìyàwó rẹ̀ lójú ni. N ò bi í.

Ìyàwó wa gba ìwé òfin yẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ìwé ní kí adìyẹ lò, ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà ni. Bí ebi ń pa ọ́, bí ọkọ̀ fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀, á na ìka sí aago: "Ẹ má bínú, mọ́kànlá ò tíì pé." Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Màmá Mọ́kànlá nìyẹn. Á fajú ro bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn. Ọdún mẹ́rin rèé, a jẹun, a yó, obìnrin mẹ́rin sì rí iṣẹ́ gidi ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá Àkùkọ Pupa ni wọn ò lè fara balẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ò tó wọn, wọ́n sọ ọ́ di ogójì ó lé. Wọ́n pa àwọn oládìyẹ tó wà nítòsí tì, wọ́n ń kó adìyẹ oníyìnyín láti ilé ìkẹ́rùsí kan ṣoṣo tó wà lọ́nà jíjìn, ọkọ̀ tó ń gbé e kiri á sì dé nígbà tó bá wù ú. Wọ́n wá fi ìwé òfin tuntun ránṣẹ́: ìṣẹ́jú méje péré, kí èrò má baà pẹ́ lórí ìlà. Màmá Mọ́kànlá ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Nígbà tí alábòójútó wọn wá bá a wí, ó ní, "Ìwé àkọ́kọ́ ni mo kà, ọmọ mi. Orí mi ò gba méjì."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń pe Alákàbà léraléra. Ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn kú, ti ojú títì ńlá kú, kódà èyí àkọ́kọ́, ti ibùdókọ̀, wọ́n tì í. Pátákó tó bá tú, ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló ń gbé e sí, títí tí àkùkọ mọ́kànlélógún fi fara ti ògiri níbẹ̀, tí ẹyọ kan ò lè kọ. Ó fi tapólì bò wọ́n kí ìyàwó rẹ̀ má baà máa rí wọn. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé lójoojúmọ́, ta lo fẹ́ fi tapólì tàn?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá Mọ́kànlá wá jókòó sọ́dọ̀ mi, kò gbé aṣọ kankan wá. Ó ní, "Bàbá Télọ̀, bí wọ́n bá sọ àkùkọ tèmi kalẹ̀, ta ló máa mọ̀ mí? Ọdún méjìlélógún ni mo fi dáná fún ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà nídìí ìkòkò. Àkùkọ yìí làwọn èèyàn ń wá bá." Ẹ̀rù ń bà á, kò fi pa mọ́ fún mi. Mo wá ibi ṣàwàdà, n ò rí i; mo bu omi fún un mu.

Ìwé dé níparí oṣù: Àkùkọ Pupa ti tú ká, wọ́n ti ta orúkọ náà fún ẹlòmíì, gbogbo pátákó gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá Mọ́kànlá fi ìwé náà han ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, ẹ wá tú u. Gíríìsì yín á kúkú wúlò."

Alákàbà gun òkè láàárọ̀. Ó fi sípánà sí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ó tì í, kò mì. Ó so rọ̀ mọ́ ọn, kò mì. Ó bọ́ sórí ìkejì, ìkẹta, ọ̀kan náà ni. Òógùn bò ó. Pátákó mọ́kànlélógún, kò sí èyí tó gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú ṣíbí gbọọrọ lọ́wọ́. "Kí ló ṣe é?"

"Ó ti dípẹtà."

"Pẹ̀lú gbogbo gíríìsì yẹn?"

Ọkùnrin náà ò wojú rẹ̀. Ara ògiri ló ń wò. "Kò sí gíríìsì níbẹ̀. Mo ti yọ nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo nù ún kúrò látọjọ́ yẹn."

Mo rántí àkísà àti kẹrosíìnì, àánú ọ̀rẹ́ mi sì ṣe mí débi pé abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Obìnrin náà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn wá di àkàbà náà mú, bó ṣe dì í mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ayùn irin ló wá fi gé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní ọ̀sán, àkùkọ náà ti dorí kodò, ó ń fi apá kan rọ̀. Mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, èmi náà fẹ́ mọ̀ bóyá èrò á ṣì wá. Wọ́n dé. Àwọn tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ dé, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ àkàbà, ìlà gùn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Nọ́ọ̀sì kan béèrè bóyá wọ́n ti fẹ́ kógbá wọlé ni. Ni mo bá ríbi ṣàwàdà mi: "Ṣé àkùkọ yẹn ló ti ń dín adìyẹ fún yín látọjọ́ yìí ni?" Nọ́ọ̀sì ní òun ò tiẹ̀ wo òkè rí, Màmá Mọ́kànlá lòun ń wá. Obìnrin tó ni orúkọ gbọ́ ọ nínú lọ́hùn-ún. Ó ní kí nọ́ọ̀sì náà ní sùúrù, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù.

Lọ́jọ́ Sátidé, Alákàbà gbé pátákó tuntun dé, ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn àkùkọ ẹ̀yìnkùlé ló kùn. ADÌYẸ MÀMÁ MỌ́KÀNLÁ ló kọ sí i, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Ó gun òkè, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ gbé nọ́ọ̀tì fún un. Èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ń yọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni obìnrin náà ti fi gíríìsì pa, ó kó wọn sínú àwo bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òróró.

Ó ní, "Tèmi lèyí. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ṣí, èmi ni màá ní kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tún un kùn. Mi ò fẹ́ kí ẹ tún lo odidi ọjọ́ kan lórí àkàbà. Ẹ ti ń dàgbà."

Alákàbà gba nọ́ọ̀tì náà, ó sì kì í bọ ihò àkọ́kọ́.